Àtúnṣe: Íntánẹ́ẹ̀tì tó yára nìkan kò tó fún fóònù ọ́fíìsì
Ẹni tó kọ ọ́ pé bí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kékeré bá ti yára, fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò ètò mìíràn mọ́, ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà. Ìpè kan tó ń lo G.711, ìyẹn ọ̀nà kan tí a fi ń sọ ohùn di dátà, kì í gbà ju nǹkan bíi 87 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìpè 10 lẹ́ẹ̀kan náà kò tó 1 Mbps (1,000 kbps). Ohun tó sábà ń ba ohùn jẹ́ ni ìdádúró. Bí akọ̀wé kan bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ojú ọ̀nà ìfiránṣẹ́, tó sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ìgbàwọlé lọ, yóò kún, ohùn yóò tò sẹ́yìn fáìlì, ẹni tó wà lódìkejì yóò sì máa gbọ́ “ẹ... káà... rọ̀”. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣètò ráútà kó máa jẹ́ kí ohùn kọ́kọ́ kọjá. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, dámọ̀ràn pé kí ìdádúró ní ìhà kan má ju 150 ms (ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ. Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: bí iná bá lọ, fóònù yóò kú, àfi bí ráútà àti switch (ẹ̀rọ tó so àwọn fóònù pọ̀ mọ́ ráútà) tó ń fún fóònù níná bá wà lórí bátìrì.