Ẹ fi tó ádímìn létí, ẹ yé máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta lónìí. Gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà n'Ìbàdàn níbí, ti àdúgbò o, ti àwọn òbí ilé ìwé o, ti ká rà ká tà o, ti ẹgbẹ́ wa o, ìwà kan náà ni mò ń rí nínú wọn. Ẹnì kan á wọlé, ìṣesí ẹ̀ ò ní jọ ti èèyàn gidi, ara á ti máa fu bí èèyàn mẹ́wàá, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì máa sọ ọ́ láàárín ara wọn nínú ínbọ́ọ̀sì, "ṣé ó bá ìwọ náà sọ̀rọ̀?", "ó bá mi sọ̀rọ̀ o, mo kàn ṣe bí ẹni tí ò rí i ni". Ẹnì kan ṣoṣo tí ò ní gbọ́ sí i ni ádímìn. Ìgbà tí onítọ̀hún bá wá gbówó olówó lọ tán ni gbogbo ẹnu á là, "mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ara ti ń fu mí sí i tipẹ́". Ara ń fu ẹ́, o sì dákẹ́! Ta ni ìfura yẹn wá ṣe láǹfààní?

Mo mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, amẹ́bọ̀ ni, wọ́n á tún máa fi òwe gbá a lójú pé olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ó dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni du ẹgbàá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn náà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru, kí ló dé tí a kì í rántí ìyẹn? Gúrúùpù tí èèyàn 1,024 lè wà nínú ẹ̀, ṣé ádímìn tó ń na aṣọ fún oníbàárà ní Gbági látàárọ̀ ló máa ka gbogbo mẹ́sèèjì tán ni? Kò ṣeé ṣe. Àti pé inú gúrúùpù gan-an kọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ibi wọn, ínbọ́ọ̀sì ni, ádímìn ò sì lè rí ínbọ́ọ̀sì ẹ láéláé. Àwọn WhatsApp fúnra wọn ò lè ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹni méjì, àfi tí ìwọ bá tẹ ríipọ́ọ̀tì, ìgbà yẹn ni mẹ́sèèjì márùn-ún tí onítọ̀hún fi ránṣẹ́ sí ẹ kẹ́yìn á lọ bá wọn, wọn ò sì ní sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ríipọ́ọ̀tì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, wọ́n rò pé orúkọ àwọn á fara hàn, ẹ̀rù á wá máa bà wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ fún ẹni tí ò tíì ko irú ẹ̀ rí. Nínú gúrúùpù ká rà ká tà kan tó jẹ́ pé àwọn ìyá ọlọ́jà Bódìjà àti Alẹ́ṣinlóyè ló pọ̀ jù níbẹ̀, nọ́ńbà kan gba orí líǹkì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò kí èèyàn, kò béèrè ọjà, DP ẹ̀ jẹ́ fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun, ó sanra dáadáa, ó jọ alága. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wà nínú ínbọ́ọ̀sì àwọn ìyá yìí lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ádímìn ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀, a fẹ́ fi orúkọ yín kún àwọn tó máa gba owó ìrànwọ́ àwọn oníṣòwò, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá mi kà á." Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, kóòdù tí WhatsApp fi ń mọ̀ pé ìwọ lo ni síìmù ẹ ni. Tí ìyá bá ti kà á fún un pẹ́nrẹ́n, WhatsApp ìyá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, á wọnú ẹ̀ bí ẹní wọlé bàbá ẹ̀, á wá máa fi orúkọ ìyá àti fọ́tò ìyá bá àwọn oníbàárà ìyá, àwọn ọmọ ìyá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́ áàpù báńkì mi ò ṣiṣẹ́, ẹ bá mi fi ₦50,000 sí àkáǹtì yìí, mà á dá a padà lálẹ́". Orúkọ orí àkáǹtì yẹn ò jọ orúkọ ìyá rárá, àmọ́ ta ló fẹ́ máa bi Ìyá Ìjọ léèrè ọ̀rọ̀?

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú ẹ̀ nìyí. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́, òun ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ìyá fi fọ́ìsì dá a lóhùn, "ọmọ mi, ojú mi ò ríran kàwé, ẹ pè mí kí n gbóhùn yín". Ojú ẹsẹ̀ ló blọ́ọ̀kì ìyá. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ fún aládùúgbò wọn ní ìsọ̀ kejì, àwọn méjèèjì jọ fi èpè ránṣẹ́ sí i, ó parí síbẹ̀. Ìyá gbọ́n, mo kí wọn, àmọ́ ọgbọ́n yẹn ò kúrò nídìí àpò èlùbọ́. Ṣáájú kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, obìnrin míì nínú gúrúùpù kan náà ti ka kóòdù tiẹ̀ fún un. Yíyọ nọ́ńbà kan kúrò nínú gúrúùpù ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ká ní ẹnì kan ti pe ádímìn lọ́sàn-án yẹn.

(A kúkú máa ń ki ìlú wa pé Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì. Ó dùn létí, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yahoo náà mọ oríkì yẹn o.)

Àwọn tó ń gbìyànjú láti sọ náà wà, mi ò ní parọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ò ṣe é mú ṣe nǹkan. "Ádímìn, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà yẹn o, ẹ̀mí mi ò gbà á." Nọ́ńbà wo? Kí ló ṣe? Ìgbà wo? Ádímìn á kàn fèsì pé "ok" ni, kí ló tún fẹ́ ṣe? Tí o bá fẹ́ kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀, ya fọ́tò ojú fóònù ẹ, jẹ́ kí nọ́ńbà onítọ̀hún hàn nínú ẹ̀, nọ́ńbà o, torí pé orúkọ àti DP, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń yí i padà, jẹ́ kí ọjọ́ àti aago hàn, má gé e kù, má pa ọ̀rọ̀ tìẹ náà rẹ́ níbẹ̀ torí ojú ń tì ẹ́ pé o ti dá a lóhùn dáadáa tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́ìsì, fi fọ́ìsì yẹn gan-an ránṣẹ́. Kí o sì ṣe é kíá, nítorí WhatsApp fún èèyàn ní ohun tó lé ní ọjọ́ méjì láti pa ohun tó kọ rẹ́ lójú gbogbo ayé, tó bá ti rí i pé ara ń fu ẹ́, kò ní ku nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹ. Nítorí náà má lọ máa halẹ̀ mọ́ ọn, "mo ti mọ̀ ẹ́, ọwọ́ máa tẹ̀ ẹ́", ariwo nìyẹn, ìwọ ya tìẹ kó o gbé e lọ bá ádímìn.

Ohun tó o rí ni kí o sọ. "Ó ní kí n ka kóòdù fóun" yàtọ̀ sí "ó jọ ọmọ Yahoo". Àkọ́kọ́ yẹn, ádímìn lè fi yọ ọ́. Èkejì yẹn, èmi gan-an mọ ọmọ dáadáa tó dá dádà sórí, tó ń gbé ní Agbowó, tó ní láptọ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ gidi ló ń fi í ṣe, àìmọye ìgbà sì ni wọ́n ti fi ojú ọmọ Yahoo wò ó.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í bá ádímìn sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́ àmọ́ tó jẹ́ pé àárín ọjà ni wọ́n ń dá ẹjọ́ sí. Wọ́n á gbé fọ́tò èèyàn jù sínú gúrúùpù, "OLÈ RÈÉ, Ẹ PÍN IN KÁÀKIRI", kí a tó ṣẹ́jú ó ti dé gúrúùpù ogójì. Ẹ dákun, fọ́tò ta ni? Ọkùnrin alágbádá funfun yẹn, ṣé òun ló ń béèrè kóòdù ni? Àwọn gbájúẹ̀ yìí kì í lo ojú ara wọn, ojú olójú ni wọ́n ń jí lò, ó lè jẹ́ pé oníṣẹ́ ìjọba kan ní ìlú míì ni, tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí kò mọ̀ pé òun ti di olè n'Ìbàdàn. A mọ ohun tí "olè! olè!" máa ń dà ní Ọjà Ọba kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé kí ló jí. Ti orí fóònù ò yàtọ̀, kìkì pé kò sí táyà. Àti ẹ̀tanú náà ń bẹ o, mo ti rí i kí ẹni méjì tó jọ ń ta léèsì máa ríipọ́ọ̀tì ara wọn nítorí ẹ̀dínwó, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ádímìn gbọ́ tẹnu ẹni kejì kó tó yọ ọ́, yàtọ̀ sí tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ kóòdù àti owó, ìyẹn, kọ́kọ́ yọ ọ́ ná, kó máa ṣàlàyé láti ìta.

Ẹ̀yin ádímìn, ó kàn yín. Ádímìn tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn ní bòókẹ́lẹ́, tó wá gbé fọ́tò yẹn sínú gúrúùpù pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, "Sister Báyìí ló ní kí n yọ ọ́ o", irú ádímìn bẹ́ẹ̀ ti pa gúrúùpù ẹ̀ lẹ́nu mọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún sọ nǹkan kan fún un mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ádímìn "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná", kí là ń wò? Ẹ tan ohun tó máa ń jẹ́ kí ádímìn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí èèyàn tuntun tó wọlé, ó wà nínú sẹ́tíǹgì gúrúùpù. Líǹkì tí ẹ ti pín látọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ yí i padà. Ẹ má dá nìkan jẹ́ ádímìn, torí ẹni tó gba WhatsApp yín gba gbogbo gúrúùpù.

Àwọn ádímìn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yẹ kí èèyàn ríipọ́ọ̀tì. Ẹ rántí CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣèlérí èrè ńlá, tó wá gbé owó olówó mì. Ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí àwọn èèyàn ò rí owó wọn yọ mọ́, wọ́n tún ní kí ẹni tówó ẹ̀ ò tó $1,000 mú $100 wá, kí ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ mú $200 wá, Òkè Àdó níbí làwọn tínú ń bí ya bo ọ́fíìsì, tí wọ́n ń gbé àga jáde. Mo rántí gúrúùpù kan tí obìnrin kan ti béèrè ṣáájú ìgbà yẹn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni nǹkan yìí, ibo ni wọ́n ti ń rí èrè?" Wọ́n bú u, wọ́n ní ẹ̀mí òṣì ló ń dà á láàmú, ádímìn sì yọ ọ́, torí pé líǹkì ádímìn gan-an ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Ẹ gbọ́, òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 yẹn fi owó ìtanràn tí ò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún iṣẹ́ owó èlé irọ́, ẹ má rò pé eré ni pínpín líǹkì.

Tówó bá ti lọ, ádímìn kì í ṣe ọlọ́pàá. Báńkì ẹ ni kí o kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kówó tó kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá tàbí EFCC, wọ́n ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n gbà, fi nọ́ńbà ẹ wọlé padà, kóòdù tuntun á wá, tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó máa lé e jáde, ṣùgbọ́n tó bá ti fi PIN tiẹ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí èèyàn fúnra ẹ̀ yàn, tí WhatsApp máa ń béèrè lẹ́yìn kóòdù, o lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí ìwọ náà tó lè wọlé. Ẹni tí ò bá fẹ́ kó débẹ̀, lọ fi PIN ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn sórí tìẹ báyìí kó o tó ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní amẹ́bọ̀, àyè wà nísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ ẹni tó bá ní nọ́ńbà kan lọ́kàn tó ń kọ ọ́ lóminú nínú gúrúùpù ẹ̀, jọ̀ọ́ má kọ ọ́ síbí, ádímìn yín ni kó o gbé e lọ bá, onítọ̀hún náà lè máa ka ohun tí à ń kọ.