Blower ọkọ̀ kọ́ ni yóò mú kọ̀ǹpútà yín tutù

Ẹnìkan tún ti ń sọ ọ́ káàkiri: kí èèyàn lọ sí Àrárọ̀mí ní Agodi Gate, kó ra blower tòkunbọ̀, irú èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn A.C. ọkọ̀, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó di kó máa tutù bíi pé inú fìríìjì ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa.

Atẹ́gùn kì í ṣe òtútù. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó pa A.C. ọkọ̀ rẹ̀ nínú gósíló Mọ́kọ́lá ní aago méjì ọ̀sán, kó fi blower nìkan sílẹ̀ ní nọ́ńbà 4. Ooru ni yóò máa fẹ́ sí i lójú. Kọ̀m̀prẹ́sọ̀ àti gáàsì ló ń ṣe òtútù. Blower kàn ń gbé e wá bá yín ni. Fáànù kankan kò sì lè mú nǹkan tutù ju yàrá tó wà lọ. Ní Ìbàdàn, lọ́sàn-án oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, yàrá tí kò ní A.C. lè tó 34°C. Kọ̀ǹpútà yín kò lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ láé.

Atẹ́gùn tó nílò gan-an kò tiẹ̀ pọ̀. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ń jẹ 100W, bí ẹ bá fẹ́ kí atẹ́gùn tó ń jáde fi 10°C péré gbóná ju èyí tó ń wọlé lọ, nǹkan bíi lítà 8 sí 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó o. Fáànù 120mm lásán ń gbé ju ìyẹn lọ, bí eruku kò bá dí i.

Ibòmíràn ni ooru ti ń há. Ojú processor ló ti ń bọ́ sínú thermal paste (ìpara tó wà láàárín òun àti heatsink), láti ibẹ̀ sínú heatsink, irin onípele-pele yẹn, kó tó wá kan atẹ́gùn. Ibi tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni fáànù ti wúlò. Ẹ dán an wò: ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ case (àpótí kọ̀ǹpútà), ẹ tan HWMonitor, app tó ń fi bí processor ṣe gbóná tó hàn, ẹ fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ tó wúwo fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ń ka 95°C, ẹ rọra fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ heatsink, kì í ṣe ọ̀dọ̀ abẹ fáànù o. Bó bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìka yín lè dúró níbẹ̀, ooru kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn: paste ti gbẹ bí ẹfun, tàbí ẹsẹ̀ heatsink kan ti yọ. Kódà kí ẹ gbé blower tírélà wá, kí ló fẹ́ fẹ́? Ṣùgbọ́n bó bá gbóná débi pé ẹ yára fa ìka yín, ẹ yọ fáànù orí rẹ̀, ẹ wo àárín àwọn pele náà. Eruku ọyẹ́ á ti dì síbẹ̀ bí òwú ìrọ̀rí.

Àwọn tó ní àwọn ṣe é, ó sì tutù, eruku yẹn ni blower bá wọn fẹ́ dànù. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà á ṣe é, kò sì ní jẹ iná.

Iná rẹ̀ ńkọ́? Lóòótọ́, 12V ni blower, 12V náà ni wáyà yẹ́lò kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Blower tó bá ń sáré dáadáa lè jẹ 20A, 240W nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, odidi pawa (àpótí tó ń pín iná sínú kọ̀ǹpútà) ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré tòkunbọ̀ kò ju 240W lọ. Ojú ibi tí wọ́n ń ki fáànù sí lára motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), 1A ni. Bí blower bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yí, ìlọ́po 20A yẹn ló ń fà. Pawa tó dáa á kú fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa tàn, á máa kú. Pawa gbàrọ̀gùdù, wáyà rẹ̀ ló ń yọ́.

Àwọn kan á ní àwọn á fi resistor rẹ̀, èyí tó ń dín iná tó ń dé ọ̀dọ̀ blower kù, sí i kó lè rọra yí. Ẹ bi rẹ́wáyà yín: ojú ọ̀nà atẹ́gùn blower ni wọ́n ń ki resistor yẹn sí nínú ọkọ̀, kí atẹ́gùn lè máa tù ú. Bí ẹ bá gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ case, á gbóná débi pé á jó ike tó bá kàn.

Ẹni tó ní yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà, tó fẹ́ fi blower fa ooru jáde lójú fèrèsé, tó fún un ní bátìrì àti fíúsì tirẹ̀, kò burú. Ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná. Ẹ di abẹ fáànù mú kó má yí, kí ẹ tó gbọn eruku. Ẹ yọ heatsink, ẹ fi isopropyl (ọtí ìnu nǹkan) nu paste àtijọ́ lójú processor àti ti heatsink títí á fi dán. Tuntun kò gbọdọ̀ ju ìdajì hóró ẹ̀wà lọ, láàárín orí processor gan-an. Bó bá jẹ́ heatsink Intel ẹlẹ́sẹ̀ ike mẹ́rin, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjì tó wà ní igun sí igun pọ̀, kí ẹ tó tẹ méjì yòókù. “Kọ́” mẹ́rin lẹ gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ wo ẹ̀yìn motherboard: ike funfun mẹ́rin ló yẹ kó yọrí síbẹ̀, kí ọ̀pá dúdú wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.