Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ẹran Ọ̀sìn Wo Ló Yẹ Ọmọ?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbà tí a bá ń rán ọmọ níṣẹ́ la sábà máa ń pa á, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun náà wúlò. Àmọ́ bí òbí kan bá sọ fún mi pé ọmọ òun ń sunkún ẹran ọ̀sìn kékeré, tó ní èwo ni kí òun rà fún un, òwe yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti pín iṣẹ́ sí méjì kí ẹran tó wọlé. Ìbéèrè ni mo fi ń dá òbí bẹ́ẹ̀ lóhùn: ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbàgbé?

Torí pé ọmọ yóò gbàgbé. Ó lè fẹ́ràn ẹran náà dé góńgó, síbẹ̀ ọmọdé ni. Ọmọ ọdún 7 tó fi omijé bẹ̀ yín lóṣù tó kọjá lè wà nídìí eré lónìí nígbà tí ìgò omi ehoro rẹ̀ ti gbẹ, ehoro kò sì lè jáde nínú àgò lọ pọnmi. Pẹpẹ tí òwe ń wí nìyẹn: fífọ àgò, ríra oúnjẹ kó tó tán, rírí i pé ẹran kò jẹun láti àná, gbígbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọwọ́ ọmọdé kò tó o. Ibi tí ọwọ́ ọmọ ti wọ kèrègbè ni kó bu oúnjẹ sí àwo, kó pààrọ̀ omi, kó jókòó jẹ́ẹ́ ti ẹran náà títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Àgbàlagbà mélòó ló ráyè ìyẹn? Nítorí náà, ẹran tó yẹ ọmọ ni èyí tí àgbàlagbà ilé ti gbà tọkàntọkàn pé òun yóò sìn títí dé òpin, bí ọmọ tilẹ̀ jáwọ́. Ní England àti Wales, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Bí a bá ti yanjú ìyẹn, ó kù ká mọ ìwà ẹran. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Ìṣe ẹran ló yẹ ká kọ́ kó tó di pé a ń wo ẹwà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà lórí hamster, ẹran kékeré onírun tó jọ eku. Wọ́n rí i pé ó kéré, wọ́n rò pé ohun tó bá kéré ló bá ọmọ kékeré mu. Òru ni hamster ń ṣayé. Ojúmọ́ mọ́, ó wọnú ìtẹ́ lọ sùn; ilẹ̀ ṣú, ó dìde, ó ń sáré lórí kẹ̀kẹ́ róbótó tó wà nínú àgò rẹ̀. Ọmọ ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, ó ń wá ẹni bá ṣeré, ó ki ọwọ́ bọ ìtẹ́, ó fa ẹran tó ń sùn jáde. Ẹran á gé e jẹ. Ojú eyín á hàn lórí ìka, ẹ̀jẹ̀ á yọ, ọmọ á figbe ta, á ju ẹran sílẹ̀. Ìṣubú bẹ́ẹ̀ sì tó láti ṣẹ́ ẹran náà lẹ́sẹ̀. Látọjọ́ náà, ẹ̀rù ẹran ń ba ọmọ, ẹ̀rù ọmọ ń ba ẹran, àwọn méjèèjì kò sì jẹ̀bi.

Ọmọ tó ti ń sún mọ́ ọdún 10, tí wíwò nìkan tẹ́ lọ́rùn, ni mo lè fún ní hamster. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbádùn àtimáa wo bó ṣe ń rọ oúnjẹ sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ̀ ju èjìká lọ, tí yóò sì sáré lọ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ọdún 2 sí 3 ló sábà ń lò láyé. Ẹ má rà á ní méjì pé kí wọ́n lè máa bára wọn ṣeré. Hamster ti Síríà, èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nílé, kì í gbà kí ẹlòmíràn bá òun gbé bó bá ti dàgbà. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ìjà tiwọn máa ń já sí ikú nígbà mìíràn.

Bó bá jẹ́ ẹran onírun tí ọkàn mi balẹ̀ lé jù fún ọmọ ọdún 6 sókè lẹ ń béèrè, guinea pig ni n ó dárúkọ, ẹran tó tóbi ju hamster lọ, tí kò ní ìrù. Ojú rẹ̀ máa ń là lọ́sàn-án, kì í yá a lára láti géni jẹ, ó sì tóbi tó kí ọwọ́ ọmọ má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ó gbọ́n láti mọ ìró. Bí ọ̀rá ewébẹ̀ bá ti dún pẹ́rẹ́, tàbí tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, á nà dìde, á dì mọ́ irin àgò, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé kíkankíkan, gbogbo ilé á gbọ́. Inú ọmọ máa ń dùn bí ẹran bá pè é báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹran náà fúnra rẹ̀ ń rán ọmọ létí iṣẹ́ rẹ̀. Òbí kò ní máa pariwo.

Àmọ́ ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Guinea pig kì í dá gbé, ó kéré tán kó jẹ́ méjì, nítorí ìbànújẹ́ ni ìdágbé jẹ́ fún un. Láti ọdún 2008 ni òfin ilẹ̀ Switzerland ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sin ẹyọ kan ṣoṣo. Kí dókítà ẹranko yẹ̀ wọ́n wò dáadáa kí ẹ tó kó wọn pọ̀, torí bí akọ bá wà pẹ̀lú abo, láàárín nǹkan bí oṣù 2 péré lẹ ó máa ka ọmọ. Ara rẹ̀ kò lè pèsè fítámì C fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara tiwa náà kò ṣe lè ṣe é, nítorí náà ewébẹ̀ tútù àti tàtàṣé díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójoojúmọ́. Koríko gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ wọ́n níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Eyín rẹ̀ kò ṣíwọ́ gígùn títí ayé, jíjẹ koríko ló ń gé e kúrú. Ọdún 5 sí 8 ló ń lò. Kí òbí tó bá fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kọ́kọ́ ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ọjọ́ orí ọmọ.

Ti ehoro tún gùn ju ìyẹn. Bí ẹ bá rà á fún ọmọ ọdún 8, ọmọ náà lè ti máa múra yunifásítì kí ehoro tó kú, torí pé ehoro tí a tọ́jú dáadáa ń lo ọdún 8 sí 12. Irun rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ tutù, gbogbo ọmọ ló sì fẹ́ gbé e mọ́ra. Gbígbé yẹn gan-an ni kò fẹ́. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni nínú igbó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ó gbà pé ọwọ́ ikú ti tẹ òun. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta pútú, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lágbára tó ẹsẹ̀ náà, ó lè tibẹ̀ kán. Ilé tí ọmọ ti lè jókòó sílẹ̀ kí ehoro fúnra rẹ̀ wá bá a ni mo rò pé ó yẹ kí ehoro wọ̀.

Èyí ló gbé mi dé orí òwe tó yẹ kí gbogbo ọmọ gbọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹran: ẹni tó fẹ́ mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ bi ọmọ léèrè pé, "Bí òmìrán kan tó ga tó ilé alájà mẹ́ta bá já wọlé, tó gbá ẹ mú láti ẹ̀yìn, tó gbé ẹ sókè, kí lo máa ṣe?" Ọmọ á dáhùn pé òun á ké, òun á gé e jẹ. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe ẹran nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ aṣọ lé e lẹ́sẹ̀. Kí àgbàlagbà fi ọwọ́ kan gbá àyà ẹran, kó fi èkejì gbé ìdí rẹ̀, kó gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ náà, kí ọmọ máa rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára láti orí lọ síhà ìdí. Bó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Mo ti rí i pé ọmọ tí wọ́n kọ́ báyìí kì í pẹ́ kí ẹran tó máa tọ̀ ọ́ wá fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò lè ṣe èyí, ẹja ló bá a mu, kó máa fojú jẹun. Ẹja sì dára fún ilé tí ara ẹnìkan kò ti gba irun ẹran. (Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ bóyá ara ọmọ yín gbà á, ẹ mú un lọ sí ilé ẹni tó ní irú ẹran náà, kó wà níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó náwó.) Àmọ́ ẹ má fi goldfish, ẹja aláwọ̀ wúrà nì, sínú abọ́ gíláàsì róbótó. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń di ammóníà nínú omi, májèlé ni, bakitéríà tó ń pa májèlé náà dà sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbilẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ẹni tó ra àpótí omi lówùúrọ̀ tó kó ẹja sí i nírọ̀lẹ́ ló máa ń rí òkú ẹja láàárín ọ̀sẹ̀. Goldfish lásán lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè lo ju ọdún 10.

Ìjàpá kékeré ńkọ́? Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kòkòrò àìrí Salmonella, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún èèyàn, ń gbé lára ìjàpá àti alángbá láìṣe wọ́n ní nǹkankan, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á sì ki ìka bọ ẹnu. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa ìjàpá tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó 10 sẹ̀ǹtímítà lọ́dún 1975. Ibi tí ọmọ tí kò tó ọdún 5 bá wà, ẹ má mú un wọlé rárá. Guinea pig pàápàá lè kó làpálàpá ran ọmọ, nítorí náà ọṣẹ àti omi ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé fífọwọ́ kan ẹrankẹ́ran.

Ní ti ẹyẹ, n kò ní sọ púpọ̀. Odídẹrẹ́ lè gbé ju ogójì ọdún lọ, kì í ṣe ẹran ọmọdé. Àwọn ẹyẹ kéékèèké rọrùn jù ú, ṣùgbọ́n èéfín ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ń pa ẹyẹ bó bá gbóná jù, kí àgò wọn jìnnà sí ilé ìdáná.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹran náà yóò kú. Àwọn òbí kan máa ń sáré ra òmíràn tó jọ ọ́ kí ọmọ tó jí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ máa ń mọ̀, ó máa ń rí i pé àmì dúdú etí ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, irọ́ náà ni yóò sì rántí. Ẹ sọ fún un pé ó ti kú, ẹ má pè é ní oorun, kí ẹ̀rù oorun tirẹ̀ má baà máa bà á. Ẹ jẹ́ kó bá yín sin ín bó bá fẹ́. Bí guinea pig kan bá sì kù nínú méjì, ẹ tètè wá ẹnìkejì fún un, torí òun náà ń ṣọ̀fọ̀. Bí kò bá sí èyí tó kù, ẹ dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè.