Ìbò tó máa yọ aṣòfin kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tó yàn án

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n dìbò nílùú Taipei, ní Taiwan, bóyá kí wọ́n pe aṣòfin wọn, Freddy Lim, wálé, ìyẹn ni kí wọ́n yọ ọ́ kí sáà rẹ̀ tó pé. Ìbò 54,813 ní kó máa bọ̀, 43,340 ní kó jókòó. Ó jókòó. Òfin wọn ni pé ìbò ìpè-wálé gbọ́dọ̀ ju ti àwọn tó ní kó jókòó lọ, kó sì tún kó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Èyí ẹ̀yìn yìí ni kò pé.

Akọrin ni Lim tẹ́lẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ olórin Chthonic, àwọn tó ń ta gòjé ilẹ̀ wọn mọ́ gìtá tó ń sán bí ààrá (kì í ṣe orin tí màmá àgbà máa fẹ́ gbọ́). Ní 2015, òun àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ òṣèlú New Power Party sílẹ̀. Ní 2016 ó na àgbà òṣèlú kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá Kuomintang (KMT), ó wọlé. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 2019, ó sì dá dúró wọlé ní 2020.

Ẹgbẹ́ tó bá wọn dá sílẹ̀ yìí wà lára àwọn tó ké pé kí ìpè-wálé rọrùn, òfin sì rọrùn ní 2016. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Síbẹ̀, a ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin ti tẹ́lẹ̀ le jù: bí ìdajì olùdìbò kò bá jáde, asán ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tó ń dùn wá ni ti Chen Po-wei, aṣòfin Taichung. Èèyàn 112,839 ló dìbò fún un ní 2020. Ní oṣù kẹwàá 2021, ìbò 77,899 lé e kúrò. Àwọn yòókù tó yàn án ńkọ́? Ohun tí a ń sọ ni pé kí Taiwan fi kún òfin rẹ̀: ìbò tó máa yọ èèyàn kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tó gbé e wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi á kàn máa fi ìpè-wálé gbẹ̀san ni. Ní oṣù keje 2025, aṣòfin KMT 24 ni wọ́n dìbò láti pè wálé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan kò wálé.

Àwọn kan á ní èrò kì í jáde fún irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi Han Kuo-yu, olórí ìlú Kaohsiung nígbà kan. Ìbò 892,545 ló gbé e wọlé ní 2018. Nígbà tọ́rọ̀ rẹ̀ sú wọn ní 2020, èèyàn 939,090 ló jáde láti lé e lọ.