Ẹ Kọ́kọ́ Fi Ìwé Àdéhùn Hàn Wá Ná

Àwọn ará Jackson County, agbègbè Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri, l'Amẹ́ríkà, ti dáhùn. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò tó jáde lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2024, bí 58 ló kọ owó orí ọjà tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ pápá bẹ́sìbọ́ọ̀lù tuntun fún Royals, ẹgbẹ́ bẹ́sìbọ́ọ̀lù ìlú náà, ní àdúgbò Crossroads ní àárín ìlú, kí wọ́n sì fi tún pápá Arrowhead ṣe fún Chiefs, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì tí Chiefs gba Super Bowl, ife tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wálé. Tí ayọ̀ bá lè mú ìbò wọlé ni, ìgbà yẹn ni ì bá mú un wọlé.

Ẹni tó bá ka èsì yìí sí pé Kansas City ò fẹ́ràn Royals mọ́ ti ṣì í kà. Àwa náà ò sọ rí pé kí pápá má ṣe wọ àárín ìlú. Láti ọdún 1973 ni Kauffman, pápá tí Royals ń lò, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí yí i ká. Tí eré bá ti parí, kálukú á wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di ilé. Ìgbà 81 ni Royals ń gbàlejò lọ́dún, àwọn èrò wọ̀nyẹn ò sì ní ibì kankan tí wọ́n lè yà sí jẹun. Ní àárín ìlú, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Main Street kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ lè gbé wọn dé ìtòsí pápá. Ohun tó dára ni, a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ yìí wá kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ fi ìwé àdéhùn hàn wá kí ẹ tó bèèrè owó. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Inú oṣù Kíní ni àwọn aṣòfin káúńtì ti fi ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé ìdìbò. Frank White tó jẹ́ olórí ìjọba káúńtì nígbà náà kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ìbò tiwọn borí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ni Royals ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ pápá sí. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra wọn. Wọ́n ti ní ká wá dìbò kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ! Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí kò ju púlọ́ọ̀tì kan lọ gan-an á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, á sì bèèrè ìwé ilẹ̀, kó tó na ọwọ́ sí àpò.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àwọn á ti Oak Street, títì kan ní Crossroads, pa. Nígbà tí ìdìbò ku díẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tì í mọ́. Quinton Lucas, méyọ̀ Kansas City, náà kò sọ ibi tó dúró sí àfi ìgbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ péré. Títí ìlú fi lọ dìbò, káúńtì kò ní ìwé ìyálò kankan tó ti parí lọ́wọ́. Royals ní àwọn á yọ bílíọ̀nù kan dọ́là, ó kéré tán, nínú iṣẹ́ tó tó bílíọ̀nù méjì. Ta ni yóò san ìyókù? Èló ni ìjọba ìlú máa mú wá, èló ni ti ìpínlẹ̀ Missouri? Tí owó iṣẹ́ bá ru gọ̀ọ́, ọrùn ta ni yóò bọ́ sí? A bèèrè, a tún bèèrè, ẹ̀rín àti àwòrán aláràbarà ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ó ti sú wa. Àwọn tí a dìbò yàn kí wọ́n máa ṣọ́ owó wa ló yẹ kó bèèrè ọ̀rọ̀ yìí kí àwa tó bèèrè, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló ń sáré jù.

Owó tí wọ́n ń bèèrè náà kì í ṣe ṣereṣere. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, fún 40 ọdún gbáko, nígbà tí èyí tí a ń san lọ́wọ́ kò tíì parí títí di 2031. Ó ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ìyá tó ń ra mílíìkì ní Independence, ìlú kan nínú káúńtì yìí, tí kò wọ pápá rí, ń san án. Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún ìdìbò náà á ti kọjá ogójì ọdún kí ó tó tán.

Frank White kì í ṣe ọ̀tá bẹ́sìbọ́ọ̀lù. Ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ pápá tí a ń lò yìí, ó wá di agbábọ́ọ̀lù Royals, ó gba Gold Glove, ẹ̀bùn ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù ní ipò rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba World Series, ife tó ga jù nínú bẹ́sìbọ́ọ̀lù, lọ́dún 1985. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n dúró ná, ó yẹ kí àwọn aṣòfin jókòó gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ àwọn ará Crossroads náà. Àwọn tó ní ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti ilé àwòrán níbẹ̀ ló sọ àwọn ilé ìkẹ́rù àtijọ́ di àdúgbò tí èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ ní gbogbo Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù. Àwòrán ilẹ̀ tí Royals gbé jáde ni ọ̀pọ̀ wọn fi mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ti wà lójú ibi tí pápá máa gbà. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ń sanwó orí tipẹ́.

Ẹ̀rù tí wọ́n wá dá bà wá lẹ́yìn ìdìbò ni pé ẹgbẹ́ lè kó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ máa ń lọ, ìpínlẹ̀ Kansas ò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo St. Louis, ìlú mìíràn ní Missouri. Ìwé ìyálò tí wọ́n fún Rams, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ibẹ̀, sọ pé pápá náà gbọ́dọ̀ máa wà lára èyí tó dára jù nínú líìgì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àdéhùn ti di ọdún kan sí ọdún kan. Gbólóhùn yẹn ni ẹgbẹ́ náà gbà jáde, tí wọ́n fi kó lọ sí Los Angeles ní 2016. Aráàlú ṣì san gbèsè pápá fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Owó tí ìlú ná kò dá ẹgbẹ́ dúró. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ló ṣí ilẹ̀kùn, ìdí rèé tí a fi ní ká rí ìwé tiwa.

Ìyálò tó wà nílẹ̀ kò parí títí di oṣù Kíní ọdún 2031. Àkókò wà. Tí John Sherman tó ni Royals àti àwọn aṣòfin bá fẹ́ tún gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, kí wọ́n fi ìwé ìyálò tí tọ̀túntòsì ti fọwọ́ sí síta fún oṣù mẹ́fà kí ìdìbò tó dé. Kí a rí iye gbogbo owó náà, ti káúńtì, ti ìlú àti ti ìpínlẹ̀, lójú ìwé kan ṣoṣo. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ ni yóò san ohun tó bá lé lórí iye tí wọ́n dá. Bí wọ́n bá tún mú àwòrán nìkan wá, a óò tún ní kí àwọn olùdìbò sọ pé rárá.