Kì í ṣe àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń tọrọ: Satrapi jàre ìjọba Faransé

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Marjane Satrapi, olùdarí fíìmù àti òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Ìránì, kọ lẹ́tà sí Rachida Dati, tó jẹ́ mínísítà ètò àṣà nílẹ̀ Faransé nígbà náà. Ó ní òun kò ní gba Légion d'honneur, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún èèyàn. Kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ó ní àgàbàgebè ni Faransé ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ Ìránì: àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira àti àwọn oníṣẹ́ ọnà kì í rí físà gbà, kódà físà ìgbafẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ àwọn ọlọ́lá Ìránì ń yan fanda ní Paris àti Saint-Tropez, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè. Lójú tiwa, obìnrin yìí jàre.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kì í ṣe ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìlú Rasht ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1969, Tehran ló sì ti dàgbà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìjọba Shah, ọba Ìránì, wó lulẹ̀ ní 1979. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ìborí di dandan fún àwọn ọmọbìnrin iléèwé, ogun Ìránì àti Ìráàkì sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1980, ó sì jà fún ọdún mẹ́jọ. Ìjọba pa arákùnrin bàbá rẹ̀ kan tó fẹ́ràn gan-an. Ọmọ náà kì í dákẹ́ níléèwé, àwọn òbí rẹ̀ sì rí i pé bí ó bá dúró, ẹnu rẹ̀ lè kó o sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Vienna nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, láìsí ìyá láìsí bàbá lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí ojú ayé, débi pé ó sun ìta nínú òtútù fún oṣù mélòó kan. Ó padà sílé, ó kàwé ní yunifásítì ní Tehran, ó lọ́kọ, ó kọ ọkọ. Ní 1994 ó kó lọ sí Faransé, kò sì padà gbé Ìránì mọ́.

Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yẹn ní Vienna ńkọ́? Bí òṣìṣẹ́ kan ní ẹ́ḿbásì Faransé bá wò ó lójú ní 1994, tó ní kò sí ẹ̀rí pé yóò padà sílé, kí ni Faransé ìbá ní lónìí tí yóò fi àmì-ẹ̀yẹ dá lọ́lá?

Nítorí pé Paris ni iṣẹ́ náà ti jáde. Láàárín 2000 sí 2003, ilé ìtẹ̀wé L'Association gbé Persepolis, ìwé alááwòrán tó fi sọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, jáde ní apá mẹ́rin. Dúdú àti funfun ni gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa Ìránì ju irùngbọ̀n Khomeini, àlùfáà tó gba ìjọba lẹ́yìn Shah, àti ariwo inú ìròyìn lọ wá bá ara wọn nínú ilé èèyàn: ìyá-àgbà tó ń fi òdòdó jásímìnì sínú kọ́mú rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè máa ta sánsán, ìyá tó tú inú kóòtù ọkọ rẹ̀, tó rán àwòrán àwọn olórin sínú rẹ̀, kí wọ́n lè gbé e kọjá ẹnubodè láti Túúkì wá fún ọmọ. A kò rò pé ìwé ìròyìn kankan, tiwa náà pẹ̀lú, ti ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Ìránì láti jẹ́ kí ayé rí wọn bí èèyàn.

Òun àti Vincent Paronnaud sọ ìwé náà di fíìmù ní 2007. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́ ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, wọ́n sì yàn án fún Oscar, Satrapi sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní ìpín fíìmù kàtúùnù. Àwọn tó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ kò jìnnà. Ìjọba Ìránì fi ẹ̀hónú hàn fún Faransé. Àjọ̀dún fíìmù Bangkok yọ ọ́ kúrò lọ́dún yẹn kan náà. Lẹ́bánónì fòfin dè é ní 2008 kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ní Tùnísíà, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Nessma gbé e sáfẹ́fẹ́ ní oṣù kẹwàá 2011, àwọn jàǹdùkú gbìyànjú láti kọlu iléeṣẹ́ náà, ilé-ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé ọ̀gá rẹ̀ lórí ní 2012. Ká má sì ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí nìkan ló ti ṣẹlẹ̀: ní 2013, àwọn aláṣẹ iléèwé ìjọba ní Chicago yọ ìwé náà kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méjìlá, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá fi ẹ̀hónú hàn.

Ó ti ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni Radioactive ti 2019, lórí Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Pólàńdì tí Faransé ń fi yangàn lónìí, ṣùgbọ́n tí àwọn ìwé ìròyìn Paris pè ní àjèjì ní 1911, lọ́dún tó gba ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún Pierre, ọkọ rẹ̀, ní Légion d'honneur yìí kan náà, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà, pé òun kò nílò àmì-ẹ̀yẹ rárá, yàrá ìwádìí ni òun nílò. Ohun tí Satrapi sọ kò yàtọ̀. Físà ló ń béèrè, kì í sì í ṣe fún ara rẹ̀.

Àwọn kan ní aláìmoore ni. Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìlú tó gbà á sílé, tó fún un ní ìwé ọmọ onílùú, ṣé bó ṣe yẹ kó dá a lóhùn nìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ sí i. Kò kórìíra kí wọ́n bọlá fún òun: ní 2024 ó gba ẹ̀bùn Princess of Asturias ní Sípéènì. Ọmọ Faransé sì ni lónìí, ọmọ onílé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá baálé wí bí ó bá rí i pé wọ́n ń lé àlejò tí ebi ń pa dànù.

Àwíjàre ìjọba Faransé wúwo ju ìyẹn lọ, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Nígbà tí Satrapi kọ lẹ́tà rẹ̀, àwọn ọmọ Faransé wà lẹ́wọ̀n ní Ìránì, ẹni tó bá sì ń bá aláṣẹ Tehran dúnàá-dúrà lórí ẹ̀mí èèyàn gbọ́dọ̀ rọra sọ̀rọ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n báwo ni kíkọ físà fún ọmọbìnrin tó ń ya fíìmù ní bòókẹ́lẹ́ ṣe ń tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀? Bí ìṣọ́ra bá ni, àwọn ọmọ ọlọ́lá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìwé wọn wò.

Nígbà tí Mahsa Amini, ọmọ ọdún 22, kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ìwà mú un ní Tehran nítorí ìborí, àwọn òṣèré Faransé bíi Juliette Binoche àti Marion Cotillard gé lára irun wọn nínú fídíò. A kò fojú kéré rẹ̀. Satrapi náà kó àwọn ayàwòrán jọ, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde ní 2023 lórí ìjà àwọn obìnrin náà. Àwọn tó wà nínú ìjà ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ní Tehran, ìjọba ń gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ ní Jafar Panahi kò gbọdọ̀ ṣe fíìmù fún ogún ọdún, kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú. Ní 2024, Maryam Moghaddam àti Behtash Sanaeeha kò lè lọ sí Berlin níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù wọn hàn. Ẹni tó bá wá ríbi yọ lọ́wọ́ Tehran, ó tún kan ilẹ̀kùn Yúróòpù, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá.

Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe. Ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ àti pàṣán fún Mohammad Rasoulof, onífíìmù ọmọ Ìránì. Ó fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè kúrò ní Ìránì, àwọn aṣojú ìjọba Jámánì sì fún un ní ìwé tó fi rìn wọ ilẹ̀ wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti wà ní Cannes.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Faransé kò ju ohun tí Jámánì ṣe fún Rasoulof lọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ fún àwọn tí ayé kò tíì mọ orúkọ wọn. Kí wọ́n ya físà kan sọ́tọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán àti àwọn onífíìmù tí ìjọba Ìránì ń dọdẹ. Kí wọ́n má béèrè ìwé báńkì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé àpò owó rẹ̀. Kí wọ́n sì máa kéde lọ́dọọdún iye àwọn tó béèrè, iye àwọn tó rí i gbà, àti ìdí tí wọ́n fi dá àwọn yòókù padà. Ní ti Tehran, kí ó dá ìwé ìrìnnà àwọn onífíìmù padà fún wọn, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ, kí ẹni tó bá sì fẹ́ padà wálé lè padà wá.