Ulli Beier kọ́ ló kọ́ àwọn ará Òṣogbo níṣẹ́ ọnà

Ibi yòówù tí wọ́n bá ti gbé àwòrán Òṣogbo kọ́ sára ògiri, ì báà jẹ́ Èkó, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ ọ́: "Òyìnbó Jámánì kan ló kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jọ, òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yàwòrán." Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, kò ní sí ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọnà Òṣogbo láyé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àwòrán, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọwé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ulli Beier ni wọ́n ń sọ. Ohun tó ṣe ní Òṣogbo kò kéré, èmi kọ́ ni mo máa bu iyì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àwòrán yíyà. Báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ wọn? Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayàwòrán.

Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1922. Júù ni bàbá rẹ̀, nígbà tí ìjọba Hitler sì dé, ìdílé wọn kó lọ sí Palẹ́sítínì. Ní 1950 ló dé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè ló wá kọ́ni. Iṣẹ́ yẹn tètè sú u. Ó bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà láwọn ìlú káàkiri, ibẹ̀ ló sì gbà dé Ẹdẹ, ó dé Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ìyàwó méjèèjì tó fẹ́, Susanne Wenger àti Georgina Betts lẹ́yìn rẹ̀, ayàwòrán ni wọ́n. Ní tirẹ̀, kálàmù àti kámẹ́rà ló mọ̀ ọ́n lò. Òun àti Janheinz Jahn, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, ló dá ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀ ní 1957. Ó ń kọ̀wé nípa oríkì, nípa ère, nípa àwọn ọba, ó ń ṣe iṣẹ́ aṣelámèyítọ́, ó ń túmọ̀ ewì. Nígbà mìíràn orúkọ Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, bíi Ṣàngódáre Àkànjí tàbí Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè. Àwọn ará òkèèrè gbà pé òǹkọ̀wé eré onítàn kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni Ọ̀bọtúndé yìí. Orúkọ yẹn nìkan ti tó kí ọmọ Yorùbá fura.

Ta ló wá kọ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí ẹ̀kọ́ náà ti wáyé. Ilé ọtí Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo ni Mbari Mbayo kó tó di ilé àṣà ní 1962. Tíṣà ni Ládípọ̀, olórin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Nígbà tó gbé dùndún wọ inú orin Ọdún Àjíǹde, àwọn ará ìjọ fárígá, ó bá gbé orin rẹ̀ jáde lọ síbi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ó dé Mbari ti Ìbàdàn, ilé tí àwọn òǹkọ̀wé bíi Ṣóyínká, Achebe, Okigbo, Mphahlele àti Beier dá sílẹ̀ ní 1961, ó rí i, ó wù ú, ó sì fẹ́ kí irú rẹ̀ wà nílùú tirẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣí i gan-an ni ó gbé eré Ọba Mọ́rò jáde níbẹ̀. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963.

Nínú ilé yìí ni wọ́n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ táwọn ènìyàn ń pariwo rẹ̀. Ẹni tó ṣe ti 1962 àti 1963 ni Denis Williams, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ọmọ Guyana, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé "òyìnbó ló kọ́ wọn", ọkùnrin yìí ni wọ́n ń pa rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti kọ́kọ́ yọ. Georgina ló ṣe ti 1964, níbi tí Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi àti Jimọh Buraimọh ti jáde. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Georgina kì í yàwòrán fún wọn kí wọ́n wò ó kọ. Á máa rìn láàárín wọn, ibi tó bá ti rí i pé ohun kan tó jẹ́ ti ẹni náà nìkan ń yọjú, ibẹ̀ ló máa ń ní kó dúró sí.

Ní ilẹ̀ wa, a mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ, á gbálẹ̀, á pọnmi, á jẹgba, lọ́jọ́ tó bá mọṣẹ́ tán, wọ́n á ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un, ọ̀gá á gbàdúrà, wọ́n á pín ìrẹsì. Ta ló ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Ulli Beier? Kò sí. Ọ̀sẹ̀ kan kò sọ ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú di ayàwòrán. Àwọn tó wọ ilé yẹn ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́: òṣèré ni wọ́n, onílù ni wọ́n, oníjó ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló wà nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Twins Seven-Seven ń jó tẹ̀ lé ẹni tó ń ta oògùn káàkiri kó tó dé Òṣogbo. Jimọh ló ń bójú tó iná mànàmáná lórí ìtàgé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó, okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan á tẹ̀ lé òmíràn, á ká yípo ojú, á ká yípo imú, títí odindi ènìyàn á fi jáde. Adé ọba ni irú iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá, kì í ṣe Jámánì.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn kò jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Àṣírù Ọlátúńdé, alágbẹ̀dẹ ni, agboolé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí. Ẹ wo páànù alumíníọ̀mù rẹ̀ kan dáadáa. Igi ńlá kan á dúró láàárín, ẹyẹ á kún orí ẹ̀ka rẹ̀, ènìyàn àti ẹranko á tò sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ibi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn wọn ló fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ní tó-tò-tó, tí ara páànù á fi rí ṣákiṣàki, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á sì máa dán lórí rẹ̀. Òòlù tí bàbá rẹ̀ fi ń rọ irin kò yàtọ̀ sí òòlù yìí. Bírìkìlà ni Adébísí Àkànjí, sìmẹ́ǹtì ló fi ń mọ ẹranko àti ènìyàn. Ìgbà tó yá ni òun àti Susanne Wenger jọ ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun, èyí sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń lọ́ mọ́ ti Mbari Mbayo.

Kí wá ni Beier ṣe? Ó ṣe ohun tí òǹkọ̀wé àti alágbàwí lè ṣe, ó sì ṣe é kíkankíkan. Ó wá owó, ó wá olùkọ́, ó wá oníbàárà. Ó kọ̀wé nípa wọn sí Black Orpheus, ó ṣètò àfihàn fún wọn nílé àti lókè òkun, ó ra iṣẹ́ wọn nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń rà á. Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ta àwòrán kan ṣoṣo rí á mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n kálàmù yẹn kan náà ló dá ìtàn yìí sílẹ̀, ní tèmi. Nínú ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí òkèèrè, wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé àwọn wọ̀nyí kò kàwé púpọ̀, wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, inú wọn lọ́hùn-ún ni àwòrán ti ń wá. Ó dùn ún kà, ó sì ta ọjà. Àwọn tó kàwé iṣẹ́ ọnà ní Zaria kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ẹni tó bá lọ sílé ìwé kì í ṣe ọmọ Áfíríkà gidi mọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bí o bá ti sọ pé ẹnìkan kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ á wá ẹni tó kọ́ ọ, òyìnbó tó sì wà nítòsí ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé nípa Òṣogbo láyé ìgbà náà. Ìtàn tí Ládípọ̀ ì bá sọ nípa ilé ọtí rẹ̀ kò sí nínú wọn bó ṣe yẹ.

Ọdún 1966 ń parí lọ nígbà tí Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀, Papua New Guinea ló gbà lọ. Òótọ́ ni pé ó padà wá sí Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, láti 1971, kó tó tún lọ. Ní Òṣogbo, iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró. Twins Seven-Seven gba ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, ó kọrin, ó yàwòrán, àjọ UNESCO sì sọ ọ́ di Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Níkẹ Ọkúndayé, tó ti kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ní Ògìdì, ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ láìgbowó. Nígbà tí Beier dá Iwalewa-Haus, ilé àṣà Áfíríkà, sílẹ̀ ní ìlú Bayreuth ní Jámánì ní 1981, Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí tó wà nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, wà lára àwọn tó lọ síbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Jámánì bí wọ́n ṣe ń lu dùndún àti bàtá.